Ẹ̀rọ Tó Ń Rìn àti Atọ́ka Ẹ̀yìn Ìwé

Ẹni àkọ́kọ́ tó bá mi sọ̀rọ̀ lórí fóònù níbi iṣẹ́ mi nílùú òyìnbó sọ fún mi pé ẹ̀rọ òun ń rìn.

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ tún un sọ."

Ó ní, "Ẹ̀rọ mi ń rìn. Ẹ̀rọ tí mo fi ń po ìyẹ̀fun búrẹ́dì. Ó ti kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó ń bọ̀ lọ́dọ̀ mi."

Ọjọ́ kejì mi nìyẹn nílé iṣẹ́ kan tó ń ṣe ẹ̀rọ fún àwọn tó ń ṣe búrẹ́dì: ẹ̀rọ tí í po ìyẹ̀fun, ààrò ńlá, ẹ̀rọ tí í gé búrẹ́dì. Iṣẹ́ tèmi ni kí n jókòó ti fóònù. Ẹni tí ẹ̀rọ ẹ̀ bá yọ ọ́ lẹ́nu á pè mí, màá wá ohun tí ìwé ìlò ẹ̀rọ náà sọ, màá sì kà á fún un. Inú kọ̀m̀pútà ni gbogbo ìwé ìlò wọn wà. Àpótí kékeré kan wà lókè níbẹ̀. Tí èèyàn bá tẹ ọ̀rọ̀ sínú ẹ̀, ẹ̀rọ ìwárí á kó gbogbo ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti fara hàn jáde. Odidi ọjọ́ kan ni wọ́n fi kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń lò ó. Ẹ̀kọ́ náà gba ìṣẹ́jú márùn-ún. Tíì la fi ìyókù ọjọ́ mu.

Mo tẹ "rìn". Ohun àkọ́kọ́ tó jáde ni pé kí òṣìṣẹ́ má ṣe rìn lórí ilẹ̀ tó bá tutù. Ìkejì ní kí wọ́n wọ bàtà tó bo ọmọ ìka ẹsẹ̀ tí wọ́n bá ń rìn nítòsí ààrò. Ìkẹta ni àwòrán ọkùnrin kan tó ṣubú, tí ẹsẹ̀ ẹ̀ méjèèjì wà lókè. Lábẹ́ ìyẹn, ìdáhùn tún wà lọ rẹpẹtẹ, ojú mi ò tó òpin ẹ̀.

Ọkùnrin náà ní, "Arábìnrin, ó ti dé ẹnu ọ̀nà."

Mo pariwo pé, "Ẹ yọ wáyà ẹ̀ lára ògiri!"

Mo gbọ́ gbì. Gbogbo ẹ̀ dákẹ́. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ tí ọkùnrin náà bú sẹ́rìn-ín, èmi náà sì bú sẹ́rìn-ín. A rẹ́rìn-ín títí tí omi fi ń bọ́ lójú mi. Ó sọ fún mi pé Stan lorúkọ òun. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí mo ti dé ìlú náà, ìgbà àkọ́kọ́ sì nìyẹn tí èmi àti ọmọ ilẹ̀ náà kan máa jọ rẹ́rìn-ín.

Ọmọ Ẹ̀sìẹ́ ni mí, ní ilẹ̀ Ìgbómìnà. Kí n tó kúrò nílé, ilé ìwé girama kan ní Òmù-Àrán ni mo ti ń ṣe tíṣà, ẹ̀kọ́ nípa ohun abẹ̀mí ni mo ń kọ́ wọn. Mo mọ orúkọ gbogbo ọmọ tó wà ní kíláàsì mi, mo mọ orúkọ ìyá wọn, mo sì mọ ẹni tó ń purọ́ pé ewúrẹ́ jẹ ìwé iṣẹ́ àṣetiléwá òun. Ìlú tí mo wá dé yìí, ìlú kékeré kan lápá àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, n kò mọ ẹyọ ẹnì kan. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni ilẹ̀ ń ṣú níbẹ̀ nígbà òtútù. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí mo rí i, mo rò pé òjò ńlá ló ń bọ̀, mo sáré lọ kó aṣọ tí mo sá.

Ìkíni ló kọ́kọ́ yà mí lẹ́nu jù. Ní àárọ̀ ọjọ́ tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, mo lọ sí ìdí tábìlì kọ̀ọ̀kan, mo ń kí wọn: ẹ káàárọ̀, ṣé ẹ jí dáadáa, ilé ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́. Ọkùnrin kan ní òun kò bímọ. Òmíràn bi mí bóyá ará ilé ìwòsàn ni mí. Obìnrin kan tiẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ bí ẹsẹ̀ ṣe ń dùn ún fún mi, ẹsẹ̀ yẹn la sì fi dọ̀rẹ́ títí dòní.

Ti orúkọ ọ̀gá wa ni mo tún fẹ́ sọ. Kenneth ló ń jẹ́, orí ẹ̀ ti funfun báláú. Wọ́n ní kí n máa pè é ní Ken. Ẹnu mi kọ̀ ọ́. Mo gbìyànjú ẹ̀ nínú ilé níwájú dígí, ojú tì mí lójú ara mi. Ní mo bá ń pè é ní "Ọ̀gá". Ó bi mí ní ìtumọ̀ ẹ̀, mo sọ fún un. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, gbogbo ọ́fíìsì ló ti ń pè é ní Ọ̀gá, títí kan ìyá tó ń gbálẹ̀. Nígbà tó yá, òun fúnra ẹ̀ ń fi "Ọ̀gá" parí lẹ́tà tó bá kọ sí wa. N kò tíì rí ẹni tí oyè dùn mọ́ tó bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n n kò ní parọ́, ọjọ́ Sunday le. Màá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, màá jókòó sínú yàrá kan tí mo gbà, ẹ̀rọ amúlé-gbóná á máa ṣe kọ̀ọ̀kọ̀, èmi náà á máa bá ìkòkò sọ̀rọ̀. Màá ní, "O ti hó?" Màá tún dáhùn fún un pé, "Ó kù díẹ̀." Ọ̀rọ̀ kò wọ́n mi rí láyé mi. Ibẹ̀ ni mo ti wá mọ̀ pé ọ̀rọ̀ lè pọ̀ nínú èèyàn kó má sì rí ẹni tó máa sọ ọ́ fún.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ẹnì kan jó búrẹ́dì nínú yàrá kékeré tá a ti ń po tíì. Èéfín gba ibẹ̀ kan. Wọ́n ní kí n ṣí fèrèsé, kí n sì fi ìwé tó wà lórí ẹ̀ há a kó má baà pa dé. Mo mú ìwé náà. Ó sanra, èèpo ẹ̀yìn ẹ̀ ti já, tíì ti ta sí i lára yánnayànna. Ìwé ìlò ẹ̀rọ ni, èyí tí wọ́n ń tẹ̀ sórí bébà kí gbogbo ẹ̀ tó di ti kọ̀m̀pútà. Tíṣà ni mí. Tí ìwé bá dé ọwọ́ mi, ó di dandan kí n ṣí i. Ẹ̀yìn ló sì ṣí sí, níbi tí atọ́ka wà, àwọn ojú ewé tí wọ́n ti to ọ̀rọ̀ ní A, B, D, tí wọ́n sì kọ ojú ewé tí èèyàn ti máa bá ọ̀kọ̀ọ̀kan síwájú ẹ̀.

Mo rí i níbẹ̀ kedere: "Rìn, ẹ̀rọ tó ń: wo Gbígbọ̀n."

Mo pariwo. Lábẹ́ ẹ̀ ni: "Sunkún, ẹ̀rọ tó ń: wo Omi, jíjò." Mo ṣí ojú ewé míì: "Ọtí, ẹ̀rọ tó ń ṣe bí ẹni tó mu: wo Ẹsẹ̀ ẹ̀rọ tí kò dọ́gba." Mo ń ka wọn sókè, mo ń rẹ́rìn-ín, fèrèsé pa dé gbàgà, èéfín tún bò wá, wọ́n ń pè mí kí n dá ìwé padà sí àyè ẹ̀. Mo ní kí wọ́n fi bàtà mi há a. Bàtà mi ni wọ́n fi há fèrèsé náà lọ́jọ́ yẹn, ìbọ̀sẹ̀ ni mo wọ̀ títí di ọ̀sán.

Ìyá tí ẹsẹ̀ ń dùn ló sọ fún mi pé obìnrin kan tó ń jẹ́ Dorothy ló ṣe atọ́ka náà. Ìdí fóònù tí mo wà gan-an ló jókòó sí fún ọdún pípẹ́ kó tó fẹ̀yìn tì. Ọ̀rọ̀ tó bá gbọ́ lẹ́nu àwọn oníbúrẹ́dì ló ń kọ sílẹ̀.

Láti ọjọ́ náà, tí fóònù bá dún, ẹ̀yìn ìwé ni mo ń kọ́kọ́ ṣí. Kò jẹ́ ohun tuntun fún mi rárá. Ní kíláàsì, tí ọmọ bá ní, "Mà, inú mi ń ta," tíṣà ní láti mọ̀ bóyá ebi ni, bóyá ẹ̀rù ìdánwò ni, tàbí bóyá inú gan-an ló ń ta.

Bàbá mi fẹ́ mọ iṣẹ́ tí mo ń ṣe. Òun náà ti ṣe tíṣà fẹ̀yìn tì, òun ni olórí ẹgbẹ́ akọrin nínú ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Ẹ̀sìẹ́. Lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Sunday ló máa ń gbé fóònù mi, a óò sì máa wo ojú ara wa, tàbí kí n sọ pé mo máa ń wo etí ẹ̀, torí pé etí ló máa ń gbé fóònù náà sí.

"Ẹ káàsán sà, Bàbá."

"Ọmọ mi! Ṣé o ti jẹun?"

"Mo ti jẹun sà."

"Kí lo jẹ?"

"Ìrẹsì ni."

"Ìrẹsì lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìrẹsì lónìí. Ṣé ẹyẹ ni ẹ́ ni? Kò burú. Wá ṣàlàyé iṣẹ́ yìí fún mi dáadáa. Àwọn èèyàn ń bi mí, mo kàn ń sọ pé o wà ní ọ́fíìsì."

Mo ṣàlàyé. Mo sọ ti ẹ̀rọ tó rìn dé ẹnu ọ̀nà, ó rẹ́rìn-ín títí tí fóònù fi bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Nígbà tó gbé e padà, ó ní, "Ṣùgbọ́n kọ̀m̀pútà ni wọ́n ní ó mọ gbogbo nǹkan. Kí ló dé tí kò lè rí i?"

"Ó lè rí ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá kọ síbẹ̀, Bàbá. Èyí tí wọn ò kọ ni kò lè rí. Ẹ wò ó, tí ẹnì kan bá kọ ìwé lórí gbágùúdá, tí ẹ̀yin wá ń wá ẹ̀gẹ́ nínú ẹ̀ ńkọ́?"

"Ẹ̀gẹ́ náà ni gbágùúdá."

"Ẹ̀yin lẹ mọ̀. Kọ̀m̀pútà yìí ò mọ̀."

"Àwọn ará Ìbàdàn tiẹ̀ ń pè é ní pákí."

"Ẹ ò rí i báyìí!"

 Mo rí i tí etí náà kúrò, tí iwájú orí ẹ̀ wá dípò. Ó ní, "Bíi ti ìwé orin mi gẹ́lẹ́ nìyẹn."

Ó ní kí n dúró, ó lọ gbé e wá. Gbogbo ìwé orin ló ní atọ́ka lẹ́yìn, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ orin ni wọ́n fi to tiẹ̀. Àwọn akọrin ẹ̀ kì í sì í rántí bí orin ṣe bẹ̀rẹ̀. Àárín ni wọ́n ń rántí. Wọ́n á ní, "Tíṣà, orin tó ní ọkọ̀ ojú omi nínú yẹn," tàbí "èyí tá a kọ lọ́jọ́ tí òjò ká wa mọ́ Orò-Àgọ̀." Ni bàbá mi bá mú báírò pupa, ó ṣe atọ́ka tiẹ̀ sí ojú ewé tó ṣófo lẹ́yìn ìwé náà. Ó kà á fún mi: Ọkọ̀. Òjò. Ìkórè iṣu tuntun. Orin tí kò yẹ kí tẹ́nọ̀ gbé. Ó wá ní, "Orin tí ìyá àwọn ọmọ mi ń kọ ní ìdí ààrò."

Ó ti tó ọdún mẹ́sàn-án tí ìyá mi ti kú. N kò mọ̀ rárá pé ó wà nínú ìwé yẹn.

Mo ní, "Orin mélòó ló wà níwájú ẹ̀ sà?"

"Mẹ́rìnlá," ni bàbá mi wí. "Ìyá ẹ kì í dákẹ́."

Èmi àti ẹ̀ tún bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín.

Oṣù kẹjọ tí mo débẹ̀ ni Ọ̀gá pè wá sí ìpàdé. Ẹ̀rọ ìpo ìyẹ̀fun tuntun ń bọ̀, ó ní wọn ò ní tẹ ìwé tiẹ̀ náà sórí bébà, wọn ò sì ní ṣe atọ́ka kankan fún un. Ẹ̀rọ ìwárí tuntun ló máa rọ́pò gbogbo ìyẹn. Obìnrin kan tó ń jẹ́ Helen ló ṣe é, ọmọ ọgbọ̀n ọdún ó lé díẹ̀, tó dákẹ́, tó sì gbọ́n bí nǹkan míì. Tí ẹ̀rọ ìwárí náà bá ṣiṣẹ́ dáadáa, Ọ̀gá ní àwọn oníbúrẹ́dì á máa wá ìdáhùn fúnra wọn, wọn ò sì ní nílò ẹni tó ń jókòó ti fóònù mọ́.

Ó sọ ọ́ pẹ̀lú ojú àánú. Òun àti èmi jọ mọ̀ pé èmi nìkan ló jókòó ti fóònù. Ìwé àṣẹ tí mo fi ń gbé ilẹ̀ náà sì rọ̀ mọ́ iṣẹ́ yẹn. Tí iṣẹ́ bá lọ, èmi náà á di ẹrù mi.

Ọjọ́ yẹn, ẹsẹ̀ ni mo fi rìn délé, ọ̀nà wákàtí kan gbáko, n kò tiẹ̀ mọ̀ pé òtútù ń mú. Bàbá mi pè, mo ní ara mi le, iṣẹ́ ń lọ dáadáa. Irọ́ àkọ́kọ́ tí mo pa fún un láti ìgbà tí mo ti dàgbà nìyẹn.

Lọ́jọ́ kejì, mo wọlé lọ bá Ọ̀gá.

"Ọ̀gá, ẹ jẹ́ kí n ṣe atọ́ka fún ìwé ẹ̀rọ tuntun yẹn. Tí mo bá parí ẹ̀, ẹ pe àwọn oníbúrẹ́dì wá, kí èmi àti ẹ̀rọ Helen jọ dáhùn ìbéèrè wọn."

Ó rẹ́rìn-ín. "Ta ló ń ka ẹ̀yìn ìwé lóde òní?"

"Ẹni tí nǹkan ẹ̀ bá bàjẹ́ ni."

 "Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta," ló wí. "Ṣùgbọ́n o gbọ́dọ̀ máa gbé fóònù lọ o."

Mo ti gbà kí n tó rántí pé n kò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe atọ́ka.

Ilé Dorothy wà ní ìparí ìlú. Ó ti lé lẹ́ni ọgọ́rin ọdún. Bó ṣe ṣílẹ̀kùn báyìí, orúnkún mi tẹ̀ fúnra ẹ̀, mo kúnlẹ̀. Ó rò pé mo ṣubú ni, ó di apá mi mú, ó ń ké pe ará ilé kejì kí wọ́n gbé omi wá. Ó tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá ká tó yanjú ẹ̀. Nígbà tó wá yé e pé ìkíni ni, ó ní kí n tún un ṣe kí òun wò ó dáadáa.

Mo gbé ìwé tí tíì ti bàjẹ́ náà fún un. Ó ṣí i, ó fọwọ́ tọ́ ojú ewé ẹ̀yìn wò.

"Mo rò pé wọ́n ti dà á nù," ló wí.

"Wọ́n fi ń há fèrèsé ni, mà."

"Ó ṣáà wúlò fún nǹkan kan."

Ìrọ̀lẹ́ mẹ́sàn-án ni mo fi lọ sọ́dọ̀ ẹ̀. Ó ní páálí bàtà mẹ́fà tó kún fún káàdì kéékèèké, ọ̀rọ̀ kan lórí káàdì kan. Ó le bíi tíṣà àtijọ́. Mo kó àtòkọ mi àkọ́kọ́ fún un, ó fa igi lé gbogbo ẹ̀ lórí.

Ó ní, "Ohun tó wà nínú ìwé lo kọ síbí. Ẹ̀rọ Helen á ṣe ìyẹn jù ẹ́ lọ. Ohun tó wà lẹ́nu ẹni tí wàhálà bá ni kí o kọ."

Lọ́jọ́ kan, mo kọ "Òórùn: wo Jíjó", mo sì ti kọ́kọ́ kọ "Jíjó: wo Òórùn". Ó wò mí bíi pé mo jí ẹran lórí iná ẹ̀. "O ní kí oníbúrẹ́dì lọ sí ibí, o tún ní kó padà sí ọ̀hún. Ìyẹ̀fun ẹ̀ ń jó, o ń fi í ṣeré!" Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ oníbúrẹ́dì tí a kò tíì bí. Nígbà míì mo kó nọ́ńbà ojú ewé méjìdínlógún síwájú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, ó ní ìyẹn kì í ṣe ìrànlọ́wọ́, èébú ni.

Mo gbádùn ẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Mo ń gbé fóònù lọ́sàn-án, mo ń kọ gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo bá gbọ́ sórí káàdì, mo sì ń rẹ́rìn-ín nìkan. Ọkùnrin kan ní ẹ̀rọ òun ń hanrun. Obìnrin kan ní ààrò òun "ò ní ìwà". Mo kọ gbogbo ẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó ti há sí mi nínú láti oṣù mélòó kan bẹ̀rẹ̀ sí í rí ibi gbà jáde.

Ìgbà yẹn ló wá hàn sí mi pé mo ti ń ṣe irú iṣẹ́ yìí láti kékeré. Ìgbómìnà la ń sọ nílé. Nígbà tí mo wọ ilé ìwé, Yorùbá inú ìwé ni tíṣà ń fẹ́, ó máa ń fa igi pupa lé ọ̀rọ̀ ilé wa lórí. Tí a bá lọ sí Ìlọrin lọ́dọ̀ àbúrò bàbá mi, àwọn ọmọ ibẹ̀ tún ní orúkọ míì fún nǹkan kan náà. Mo kéré, mo sì ti mọ̀ pé ohun kan lè ní orúkọ mẹ́ta, pé kò sí èyí tó jẹ́ àṣìṣe, pé ẹni tó bá ń sọ̀rọ̀ ló yẹ kí èèyàn wò. Mo ti rò pé òyìnbó ni mo wá kọ́ nǹkan lọ́dọ̀ ẹ̀. N kò mọ̀ pé ẹrù kan wà lọ́wọ́ mi láti ilé.

Ọjọ́ ìdánwò pé. Oníbúrẹ́dì mẹ́ta tó ti ń dán ẹ̀rọ tuntun náà wò ló wá, Stan sì wà lára wọn. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí i nìyẹn: ó ga bí òpó iná, ohùn ẹ̀ sì kéré. Helen jókòó ti kọ̀m̀pútà ẹ̀, èmi jókòó ti atọ́ka mi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ̀, bébà ẹ̀ ṣì gbóná. Ọ̀gá dúró láàárín bíi rẹfirí.

Oníbúrẹ́dì àkọ́kọ́ ní ẹ̀rọ òun ń kọ lẹ́tà méjì àti nọ́ńbà mẹ́ta sí ojú ẹ̀. Ó ka nọ́ńbà náà. Mo ṣì ń fi itọ́ tọ́ ìka mi kí n lè ṣí ìwé, Helen ti ń ka ìdáhùn. Ó tọ̀nà láìkù síbì kan.  Mo wo Dorothy, tí mo mú wá, tó jókòó sẹ́yìn pẹ̀lú báàgì lórí itan. Kò wò mí.

Stan ló kàn. Ó ní, "Ìyẹ̀fun mi ń gun òkè. Ó ń gun ẹ̀rọ bí ẹní gun igi."

Helen tẹ̀ ẹ́. Ìdáhùn tó jáde ni pé kí òṣìṣẹ́ má ṣe gun orí ẹ̀rọ. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ ni àwòrán ọ̀rẹ́ mi wà, ọkùnrin tó ṣubú, ẹsẹ̀ ẹ̀ méjèèjì lókè. N kò mọ ìgbà tí mo fọwọ́ bo ẹnu. Mo ṣí atọ́ka: "Gígun, ìyẹ̀fun tó ń: wo Eré ẹ̀rọ, dídín kù." Mo ṣí ojú ewé náà, mo kà á. Stan ní, "Ó pé," ó sì fọwọ́ gbá tábìlì.

Ẹnì kẹta jẹ́ obìnrin kan tí apá ẹ̀ tóbi. Ó ní, "Ẹ̀rọ tèmi ń bínú."

Helen tẹ̀ ẹ́. Kò rí nǹkan kan. Mo ṣí B. Kò sí níbẹ̀. Mo ṣí I, mo wá Ìbínú, kò sí níbẹ̀.  Mo gbọ́ tí Ọ̀gá wúkọ́, mo sì rí ìwé ọkọ̀ òfuurufú lójú inú mi.

N kò mọ ohun míì tí mo lè ṣe, ni mo bá béèrè bí màá ṣe béèrè lọ́wọ́ ọmọ kíláàsì mi. "Mà, tó bá ń bínú, kí ló máa ń ṣe?"

"Á bẹ̀rẹ̀, á dúró. Tí n bá gbá a, á tún bẹ̀rẹ̀."

"Ó máa ń kùn kó tó dúró?"

"Bí ológbò gan-an."

Èmi àti Helen wo ara wa, a sì jọ sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan náà: bẹ́líìtì ẹ̀ ló ti dẹ̀! Ìdáhùn wà nínú ìwé, ojú ewé méjì ni wọ́n fi sọ ọ́. Mo mú pẹ́ńsùlù, mo kọ ọ́ sí etí ìwé mi níwájú gbogbo wọn: "Bínú, ẹ̀rọ tó ń: wo Bẹ́líìtì."

Helen fa àga ẹ̀ súnmọ́ mi. "Mélòó irú ọ̀rọ̀ báyìí lo ní?"

"Páálí bàtà méjì. Mama yìí ní mẹ́fà."

"Kó gbogbo ẹ̀ fún mi," ló wí. "Ẹ̀rọ mi ń sáré jù ẹ́ lọ, ṣùgbọ́n kò ní etí. Tí mo bá fi ọ̀rọ̀ yín sínú ẹ̀, ẹni tó bá tẹ 'bínú' á bá bẹ́líìtì."

Láti ẹ̀yìn ni ohùn Dorothy ti jáde. "Kí ẹ sì tẹ atọ́ka náà sórí bébà. Ọwọ́ oníbúrẹ́dì máa ń kún fún ìyẹ̀fun. Ta ló fẹ́ fi ìyẹn tẹ kọ̀m̀pútà?"

Àwọn oníbúrẹ́dì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní òótọ́ ni. Ọ̀gá wo Helen, ó wò mí, ó wo ìyá àgbà náà, ó ní òun ń lọ po tíì. Mo ti mọ̀ wọ́n débi pé mo mọ̀ pé tí òyìnbó bá lọ po tíì lásìkò bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ ti yanjú.

Wọn ò pa fóònù náà tì. Mo ṣì ń gbé e, àmọ́ iṣẹ́ mi gan-an ti yí padà: mo ń gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu àwọn èèyàn, mo ń ṣe atọ́ka gbogbo ìwé ilé iṣẹ́ náà, Helen sì ń kó o sínú ẹ̀rọ ìwárí. A máa ń jà. Ó máa ń ní kí ni èèyàn ń fi atọ́ka ṣe tó bá ti mọ nọ́ńbà tó ń wá, màá ní kí ni èèyàn ń fi ẹ̀rọ ìwárí ṣe tí kò bá mọ ohun tó ń wá. Lẹ́yìn náà la óò lọ jẹun.

Mo wá sọ gbogbo ẹ̀ fún bàbá mi. Inú bí i fún ìṣẹ́jú kan.

"Wọ́n fẹ́ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹ, o ní ara ẹ le?"

"N kò fẹ́ kí ẹ máa ronú ni sà. Ẹ dákun."

"Èmi ni bàbá ẹ. Tí n kò bá ronú nípa ẹ, kí ni kí n máa ronú nípa ẹ̀?" Ó mí kanlẹ̀. "Ó dáa. Tún ti oníbínú yẹn sọ. Dúró, jẹ́ kí n pe àwọn akọrin wọlé kí wọ́n gbọ́." Mo gbọ́ tí wọ́n ń fa bẹ́ǹṣì, tí ẹnì kan ń béèrè bóyá òyìnbó ń gbọ́ wa, tí gbogbo wọn wá ń kí mi lẹ́ẹ̀kan náà, orúkọ mi, oríkì mi, bí òtútù ṣe rí, ìgbà tí mo ń bọ̀. Mo kí wọn padà lọ́kọ̀ọ̀kan, Ìgbómìnà ni mo sì fi kí wọn. Ó gba ìdajì wákàtí. Kò sẹ́ni tó bi mí bóyá ará ilé ìwòsàn ni mí.

Lẹ́tà iṣẹ́ tuntun náà dé lọ́jọ́ Tuesday kan, pẹ̀lú ìwé àṣẹ tí wọ́n ti sún síwájú. Mo kà á lórí bọ́ọ̀sì tí mo wọ̀ lọ sọ fún Dorothy. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì, mo gbé e sí àyà, mo bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, mi ò lè dákẹ́. Obìnrin arúgbó tó jókòó tì mí kọ́kọ́ wo fèrèsé. Nígbà tó rí i pé mi ò ṣíwọ́, ó yíjú sí mi.

"Ṣé kò sí?"

"Kò sí, mà. Wọ́n gbà mí síṣẹ́ pé kí n máa to ọ̀rọ̀ ni."

"Ọ̀rọ̀ wo?"

Mo ní, "Gbogbo ẹ̀."